Kíkọ́ Ilé, Kíkọ́ Ọmọ: Demas Nwoko ní Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá rèé. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àyàfi ibi tí mo ti ń wá gíláàsì ojú mi.

Alága ètò, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá bíríkìlà àti ọ̀gá kápẹ́ńtà tí ẹ lọ jókòó sẹ́yìn bí ẹni pé ẹ jẹ mí lówó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ gba iwájú, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru.

Ẹ kú ooru tí mo wí yẹn, mi ò fi ṣàwàdà. Ẹ wo ara yín. Iná ti lọ láti bí ogún ìṣẹ́jú, fáànù ti dúró, gbogbo wa ti sọ ìwé ètò di abẹ̀bẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi, bá mi ṣí fèrèsé ẹ̀gbẹ́ rẹ yẹn. Tì í dáadáa. Ẹ rí i? Ó ṣí dé ìdajì, ó dúró. Fi sílẹ̀, ibi tó lè dé nìyẹn. Fèrèsé tó ń sún gba ẹ̀gbẹ́ ni, apá kan gbọ́dọ̀ máa bo èkejì. Owó odindi fèrèsé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngàn yìí, afẹ́fẹ́ ààbọ̀ ni wọ́n fún un. Mo mọ ibí yìí nígbà tí louvre, àwọn gíláàsì pẹlẹbẹ tó ń ṣí tán yẹn, wà lójú fèrèsé wọ̀nyí. A máa ń jókòó síbí lọ́sàn-án, a kì í làágùn báyìí.

Torí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa Bàbá Demas Nwoko, oníṣẹ́ ọnà tó tún ń kọ́lé, tí wọ́n sì sọ ibi tí a ó ti ṣe é fún mi, inú mi dùn. Mo ní ilé náà yóò bá mi sọ ìdajì ọ̀rọ̀.

Kí ni mo fẹ́ sọ gan-an? Kò pọ̀. Ẹ gbọ́ èdè wa bó ṣe ń sọ ọ́. A máa ń kọ́ ilé. A máa ń kọ́ ọmọ. A máa ń kọ́ iṣẹ́. Kọ́ kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbà sì ti so méjì pọ̀ nínú rẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ ni a sábà ń fi òwe yẹn bá wí. Lónìí, ẹ jẹ́ ká dojú rẹ̀ kọ ilé fúnra rẹ̀. Ilé tí a kọ́ yẹn, kí ni òun náà ń kọ́ ọmọ tó ń sùn sínú rẹ̀? Mo rò pé ìbéèrè tí Bàbá Nwoko fi ayé wọn dáhùn nìyẹn, ìlú Ìbàdàn wa yìí sì ni wọ́n ti dáhùn púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́: ibi tí wọ́n ti wá

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọdún 1935 ni wọ́n bí Demas Nwoko ní Idumuje-Ugboko, ìlú kan tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Ọmọ ọba ni wọ́n, bàbá wọn ni Obi ìlú náà. Ààfin alámọ̀ ni wọ́n dàgbà sí, àwọn tó mọ ọn kò sì gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní 1957, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Zaria, ibi tí wọ́n ń pè ní Nigerian College of Arts, Science and Technology nígbà náà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ fetí sí èyí. Yíyàwòrán ilé ni wọ́n fẹ́ lọ kọ́. Wọ́n yẹ iṣẹ́ náà wò, wọ́n rí i pé rúlà àti ìlà títọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, pé ààyè àtinúdá kò tó. Ni wọ́n bá fi í sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ọkùnrin tí gbogbo ayé ń pè ní àgbà nínú àwọn ayàwòrán-ilé Áfíríkà lónìí, kò kọ́ ọ ní kíláàsì. (Ẹ̀rín.) Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin tí ìdánwò yín kù sí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò yín.

Ní Zaria yẹn, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ara wọn jọ ní 1958, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Uche Okeke wà níbẹ̀, Bruce Onobrakpeya wà níbẹ̀, Yusuf Grillo ọmọ Èkó tiwa náà wà níbẹ̀, àti Nwoko. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lé lórí ni pé: àwọn olùkọ́ wa láti òkè òkun ń kọ́ wa bí a ṣe ń kun àwòrán bíi tiwọn, ó dára, ṣùgbọ́n kí ni a fẹ́ fi èyí tí bàbá wa mọ̀ ṣe? Ṣé ká jù ú nù ni? Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká mú èyí tó wúlò nínú ti àlejò, ká mú èyí tó wúlò nínú tiwa, ká pò wọ́n pọ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè yà wọ́n mọ́. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ "pò" yìí. N óò padà sórí rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ amọ̀.

Ní 1961, wọ́n jáde. Oṣù Keje ọdún yẹn, ibo ni wọ́n gbé àwòrán wọn wá? Ìbàdàn ni! Ẹgbẹ́ Mbari, ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà, ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítòsí Dùgbẹ̀, nínú ilé kan tí ará Lẹ́bánónì ti ń ta oúnjẹ tẹ́lẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J.P. Clark, Ulli Beier, Mabel Segun, gbogbo wọn ló ń wọ ibẹ̀ tí wọ́n ń jáde. Àwòrán Uche Okeke àti Demas Nwoko ni wọ́n kọ́kọ́ pàtẹ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà Bàbá Nwoko lọ sí Paris lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé, wọ́n padà, nígbà tó sì di 1963, Yunifásítì Ìbàdàn gbà wọ́n sí ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ni títí di 1978. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì: ọmọ ọba láti Idumuje-Ugboko dé, a fún un ní ilẹ̀, a fún un ní iṣẹ́, a fún un ní ọmọ kọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì: olùkọ́ orí ìtàgé

Ẹni kan bi mí léèrè lẹ́nu ọ̀nà pé, "Ọ̀gá, kí ló pa eré oníṣe pọ̀ mọ́ ilé kíkọ́?" Ìbéèrè gidi ni.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá fẹ́ gbé eré Ọ̀mùtí sórí ìtàgé ní UI, èyí tó yọ láti inú ìwé Amos Tutuola. Gbogbo yín mọ ìtàn náà: adẹ́mu kú, ẹmu tán, ọ̀mùtí gbéra, ó ní òun ń lọ bá adẹ́mu òun ní ìlú àwọn òkú. Ó dùn ún sọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé ìlú àwọn òkú wọnú gbọ̀ngàn? Aṣọ wo ni iwin ń wọ̀? Nwoko ni wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, ìtàgé àti aṣọ òṣèré. Ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá, àwọn tó ń fi mọ́tò kiri láti ìlú dé ìlú, bá olùkọ́ tó ń ti Paris bọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Ẹ wo ohun tí ìtàgé ń kọ́ èèyàn. Ẹni tó ń ṣe ìtàgé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti bọ́ sí ara òṣèré. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí òṣèré yóò gbà wọlé tí àyà èèyàn yóò fi já. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni tó jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn ń rí. Kò sì lówó tí yóò fi ra nǹkan olówó iyebíye, igi, aṣọ, okùn àti ọ̀dà náà ló wà níbẹ̀. Èyí tó bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni yóò fi ṣe é. Ẹ wá sọ fún mi, nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, èwo ni ẹni tó ń kọ́lé kò nílò? Ṣebí ilé náà, èèyàn ń wọ̀ ọ́, èèyàn ń jáde níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí i lára. Àwa kàn ń kọ́ ọ bí àpótí ni.

Ọ̀nà tí Bàbá Nwoko gbà ń kọ́ni tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Wọn kì í yàwòrán tán kí wọ́n wá gbé e fún kọngilá, kí wọ́n lọ jókòó sí ọ́fíìsì. Àwọn fúnra wọn ló ń dúró tì í. Wọ́n ń kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ, wọ́n ń fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n, àwọn àti wọn jọ ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ bí àwọn ará Nok, àwọn ará àtijọ́ ní Nàìjíríà wa yìí, ṣe sun ère amọ̀ wọn ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn, wọn ò dúró lórí ìwé. Wọ́n mọ ère tiwọn, wọ́n kọ́ ààrò, wọ́n fi igi dá iná, wọ́n sì sun ún. Ẹni tó bá ti sun amọ̀ rí mọ ohun tí amọ̀ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Ìmọ̀ yẹn kì í wọlé gba ojú, ọwọ́ ló ń gbà wọlé.

Ọ̀rọ̀ kẹta: ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀

Ibí ni mo ń bọ̀ láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba búlọ́ọ̀kù méjì yìí. Ẹ gbé e yí ká, kí oníkálùkù fọwọ́ kàn án. Ẹ rọra, èyí tó pupa yẹn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ló fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ ló sì kó bá wọn.

Èyí tó ní àwọ̀ eérú, ẹ mọ̀ ọ́n. Yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni, òun ló wà lára gbogbo ilé tí ẹ rí láti ibí dé Sángo. Èyí tó pupa, ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ yangí, èyí tí ẹ ń gbẹ́ dànù nígbà tí ẹ bá ń wa ìpìlẹ̀, tí ẹ tún ń sanwó fún tírélà kó wá bá yín kó o lọ. (Ẹ̀rín.) Ẹ rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni. Ẹ kó ilẹ̀ dànù, ẹ lọ ra yanrìn. A kàn po ilẹ̀ náà pọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì díẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ sínú mọ́ọ̀dù, a jẹ́ kó gbẹ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìbòòji.

Bàbá Nwoko ló sọ irú búlọ́ọ̀kù yìí di iṣẹ́ ọnà. Ilẹ̀ tó wà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ni wọ́n ń lò. Ògiri tó bá ti jáde báyìí, wọn kì í rẹ́ ẹ, wọn kì í kùn ún lọ́dà. Àwọ̀ ilẹ̀ náà ni àwọ̀ ilé. Ẹ ṣírò ohun tó kúrò lọ́rùn onílé: owó rírẹ́, owó ọ̀dà, àti owó ọ̀dà tuntun lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tí òjò bá ti wẹ àkọ́kọ́ lọ.

Ṣé ayé kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ilé tó bá ooru mu kó tó di ìgbà yẹn ni? Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ UI, ẹ wo àwọn ilé àkọ́kọ́ níbẹ̀, èyí tí Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew yà nígbà tí wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1948. Ilé gígùn tẹ́ẹ́rẹ́, kí afẹ́fẹ́ lè gba iwájú wọlé kó gba ẹ̀yìn jáde. Ògiri tí wọ́n dá hò káàkiri bí ajere. Iṣẹ́ gidi ni, n kò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Títí dòní, ó sàn ju gbọ̀ngàn yìí lọ. Ṣùgbọ́n àlejò ni wọ́n jẹ́ sí ooru wa, sìmẹ́ǹtì àti irin ni wọ́n sì fi bá a jà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, ọ̀rọ̀ parí. Sìmẹ́ǹtì dé ẹnu ọ̀nà wa. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fi amọ̀ kọ́lé, òtòṣì ni. Ẹni tó bá ní owó a fi sìmẹ́ǹtì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ ni yóò ti máa fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ bí a ti ń ṣe yìí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

Ilé bàbá mi wà ní Òkè-Àrẹ̀mọ. Bàbá bàbá mi ló mọ ọ́, ìpele lórí ìpele. Bí ẹ bá fi ọwọ́ pa ògiri náà níbi tí kò sí nǹkan lára rẹ̀, ẹ ó mọ ojú ibi tí wọ́n ti dúró kí ìpele ìsàlẹ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi àti àbúrò mi máa ń jókòó sójú fèrèsé, a ó ká ẹsẹ̀ wa jọ, a ó máa jẹ gúgúrú, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí wa láti ìta. Ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà, ibẹ̀ ni a máa ń sá sí.

Mo wá lọ kọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́. Mo gba ìwé ẹ̀rí. Owó díẹ̀ wọlé, mo ní ká rẹ́ ilé bàbá wa ní sìmẹ́ǹtì, kó lè jọ ilé èèyàn. Bàbá mi bi mí pé, "Ṣé yóò gbà á?" Mo ní, "Bàbá, ẹ fi sílẹ̀ fún mi." Mo mà kàwé o! A rẹ́ ẹ, ó dán, gbogbo àdúgbò kí wa kú oríire. Òjò ọdún kìíní rọ̀, kò sí nǹkan kan. Ní òjò ọdún kejì, a gbọ́ gbìì lóru. A rò pé olè ni, àbúrò mi mú àdá. A tan iná sí ẹ̀yìn yàrá ìyá mi: ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ṣí kúrò lára ògiri lódindi, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ gbalaja bí ẹní. Ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí kò dì.

Bàbá mi kò bú mi. Wọ́n kàn fi ìka tẹ ògiri náà, ìka wọlé. Wọ́n ní, "O bò ó nímú."

Gbogbo ohun tí mo kà ní ilé-ẹ̀kọ́, kò sí gbólóhùn kan tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ fún mi. Ògiri amọ̀ ń mí. Omi ń gòkè wá sínú rẹ̀ láti ilẹ̀, oòrùn ń fa omi náà jáde. Bí ó bá rin, a wú díẹ̀, bí ó bá gbẹ, a sún kì díẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í wú bẹ́ẹ̀, kì í sún kì bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí omi rọ́nà jáde. Ẹ wá gbé abara-líle bo ẹni tó ń mí, omi há sáàárín, amọ̀ padà di ẹrẹ̀. Kì í ṣe amọ̀ ló burú. Sìmẹ́ǹtì pàápàá kò burú. Èmi tí mo fi ọ̀kan bo èkejì lójú ni mo burú. Ṣé ẹ rántí "pò" tí mo ní kí ẹ rántí? Nwoko kò fi sìmẹ́ǹtì bo ilẹ̀. Wọ́n pò wọ́n. Ohun tí wọ́n ń jiyàn lé lórí nípa àwòrán ní Zaria ni wọ́n wá fi ọwọ́ ṣe sínú mọ́ọ̀dù búlọ́ọ̀kù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí gbogbo wa padà sílé amọ̀. Mo ti gbé inú rẹ̀, mo mọ eku ibẹ̀. Mo mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi bọ́tọ pa ilẹ̀ ilé ní gbogbo ìgbà kó má baà máa yọ eruku. Iṣẹ́ ni. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó bá dàgbà sínú ilé tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì bo amọ̀, ẹ̀kọ́ tí ilé náà ń kọ́ ọ lójoojúmọ́ ni pé ohun tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ìtìjú ni, ká má jẹ̀ẹ́ kí àlejò rí i.

Ọ̀rọ̀ kẹrin: ẹ lọ wò ó ní Sámóńdà

Mo ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó yẹ kí n fi nǹkan hàn yín. Bí ẹ bá ń ti Sángo lọ sí UI, ẹ ó kọjá Sámóńdà. Àwọn bàbá ìjọ Àgùdà tí wọ́n ń pè ní Dominican wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ wọn àti ilé ìjọsìn wọn, Nwoko ló kọ́ ọ. Nǹkan bí 1970 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó parí ní àárín àwọn ọdún 1970. Òun ni iṣẹ́ ilé tó sọ wọ́n di ìlú mọ̀ọ́ká.

Mùsùlùmí ni mí, n kò lọ síbẹ̀ lọ gbàdúrà. Ògiri ni mo lọ wò. Oòrùn ọ̀sán mú ganrínganrín, ojú ọ̀nà ń gbóná gba bàtà wọlé. Mo kọ́kọ́ rí ṣóńṣó orí ilé náà láti òkèèrè, ó ń gòkè lọ bí ohun tí ẹnìkan fi ọwọ́ fà sókè nígbà tó ṣì tutù. Mo dé ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo rí omi. Omi, ní ẹ̀gbẹ́ ilé! Ẹ̀yin bíríkìlà, mo mọ̀ pé gbogbo ayé wa la fi ń lé omi jìnnà sí ògiri. Wọ́n fi sẹ́bàá ilé, kí atẹ́gùn lè kàn án kó tó wọlé. Àmù tí ìyá wa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wá sí mi lọ́kàn, bí ibi tó bá wà ṣe máa ń tutù.

Mo wọlé. Ojú mi ṣókùnkùn fún ìgbà díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ti ìta wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àgbà. Nígbà tí ó là, mo rí i pé ìmọ́lẹ̀ ń ti òkè bọ̀, kò ti ojú fèrèsé ńlá kankan wá. Ó rọra ń bọ́ sílẹ̀. Igi tí wọ́n gbẹ́ ló wà níbẹ̀, mo sì fi ọwọ́ pa ọ̀kan, mo rí ojú àáké lára rẹ̀. Mo ní háà! Ìtàgé náà rèé. Ọkùnrin yìí ṣì ń ṣe ìtàgé. Ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí, ó mọ ohun tí ẹni ìkẹyìn yóò rí. Mo jókòó sí ìjókòó ìkẹyìn yẹn. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n aṣọ mi gbẹ lára mi.

Àwọn iṣẹ́ yòókù, ẹ jẹ́ kí n yára kà á. Ilé-iṣẹ́ wọn, New Culture Studio, kò jìnnà síbi tí a jókòó sí yìí, Mọ́kọ́lá níbí náà ni. Ìwé ìròyìn wọn tó ń jẹ́ New Culture jáde ní òpin àwọn ọdún 1970. Ní Benin, gbọ̀ngàn àṣà tí wọ́n fi orúkọ Ọba Akenzua pè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1972, kò parí títí di 1995. Ọdún mẹ́tàlélógún! Ẹni tó bí ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ọmọ náà ti jáde yunifásítì kó tó parí. N kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín, torí ẹ̀yin tí ẹ ń gba iṣẹ́ mọ̀ pé oníbàárà tiyín kò ní dúró ọdún mẹ́tàlélógún, kò tilẹ̀ ní dúró oṣù mẹ́tàlélógún. Irú iṣẹ́ yìí ń fẹ́ sùúrù ju owó lọ, sùúrù ló sì wọ́n jù.

Ìgbà tó di ogúnjọ́ oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n pe Bàbá Nwoko sí Venice ní Ítálì, níbi àfihàn iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó lókìkí gan-an láyé. Obìnrin ọmọ Gánà kan, Lesley Lokko, ló ṣe alákòóso rẹ̀ lọ́dún náà, òun ló sì dábàá orúkọ wọn. Wọ́n fún Bàbá Nwoko ní Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ayé wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n nígbà náà. Inú mi dùn, mo pe àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ara mi pé: èmi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ilé kíkọ́ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀ẹ̀melòó ni mo ti kó kíláàsì mi lọ sí Sámóńdà? Náírà mélòó ni ọkọ̀ ibẹ̀? Venice la ti gbọ́ nípa aládùúgbò wa. Ìjọsí, mo kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù pupa tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan ló fi èékánná họ ògiri, mo fẹ́ pariwo mọ́ ọn, ó ní, "Ọ̀gá, ilẹ̀ yìí jọ ti ẹ̀yìn ilé wa."

Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi. Kí alága tó fi mí sílẹ̀, mo rí ọwọ́ kan lẹ́yìn. Ẹ máa wí, bàbá.

(Ọ̀gá bíríkìlà kan dìde, búlọ́ọ̀kù pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: "Ẹ sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀gá. Mo ti fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó wúwo, ó sì le. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni ilé. Bí onílé bá dé, tó ní sìmẹ́ǹtì lòun fẹ́, kí aráyé má baà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, kí ni kí n wí fún un?")

Ìbéèrè tí mo ti ń bẹ̀rù nìyẹn. Ọ̀gá, ẹ má wí nǹkan kan fún un. Ẹni tó ń bẹ̀rù yẹ̀yẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu kò wọ̀ ọ́ létí. A ti ha sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò lára ilé bàbá mi ní Òkè-Àrẹ̀mọ. A fi amọ̀ pa ojú ògiri náà padà, ó ku ẹ̀gbẹ́ kan tí a ń dúró de ẹ̀ẹ̀rùn fún. Ẹ mú onílé náà wá síbẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kó jókòó sójú fèrèsé, èmi yóò ra gúgúrú.

(Ó ní: "Ọjọ́ Sátidé ńkọ́?")

Ọjọ́ Sátidé dára. Ẹ bá mi gbé búlọ́ọ̀kù yẹn dání bọ̀ o, àwọn ọmọ yẹn yóò bi mí.